Adìyẹ tí kò lórúkọ lọ́jà: ta ni yóò sanwó àìsàn tó wà lára rẹ̀?

Bí oníbàárà bá dé ìsọ̀ àwọn aládìyẹ, nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń yẹ̀ wò. Yóò wò ó bóyá adìyẹ náà sanra, yóò béèrè iye tí wọ́n ń tà á, tó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti pa sílẹ̀ ni, yóò gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti ń bàjẹ́. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, owó jáde nìyẹn. Àmọ́ nǹkan kẹrin wà tí ojú kò lè rí, tí imú kò sì lè gbọ́, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó wà lára ẹran náà. Òun ló máa ń sọ owó ọbẹ̀ di owó ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ni èyí, pé kò kan àwọn oníṣòwò. Ọ̀rọ̀ ọjà gan-an ni, nítorí dandan ni kí ẹnì kan sanwó kòkòrò náà. Bí ẹni tó tà á kò bá san án, ẹni tó rà á ni yóò san án.

Kòkòrò méjì ni òkìkí wọn kàn jù nídìí adìyẹ. Ọ̀kan ń jẹ́ Salmonella, èkejì ń jẹ́ Campylobacter. Inú ìfun adìyẹ ni àwọn méjèèjì máa ń gbé, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ wọn le ni pé adìyẹ tó gbé wọn sínú lè má ṣàìsàn rárá. Yóò máa jẹ, yóò máa mu, yóò sanra, ọlọ́sìn kò sì ní fura sí nǹkan kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa á ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fa ìfun rẹ̀ jáde, díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ yóò ta sára ẹran. Omi gbígbóná tí wọ́n ri adìyẹ kan bọ̀ kí ìyẹ́ rẹ̀ lè tu ni wọ́n tún máa ri ogún mìíràn bọ̀, tábìlì kan náà ni wọ́n ń gé gbogbo wọn lé, ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n sì ń lò. Báyìí ni adìyẹ ẹyọ kan tó gbé kòkòrò wá láti oko yóò ṣe pín in fún àwọn tí kò ní.

Ẹni tó bá kó Campylobacter jẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru láàárín ọjọ́ méjì sí márùn-ún, inú yóò máa run ún, ibà yóò sì dé sí i. Ti Salmonella máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì, ó lè má ju wákàtí mélòó kan lọ tí inú yóò fi dàrú. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìlo oògùn. Ọmọdé, arúgbó, aboyún àti ẹni tí àìsàn mìíràn ti wà lára rẹ̀ kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Omi ara ọmọ kékeré kì í pẹ́ gbẹ tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti mú un, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bá a lọ.

Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, gbé ìṣirò kan jáde tí wọ́n gbé ka ọdún 2010. Wọ́n ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù èèyàn ni oúnjẹ tí kò mọ́ ń sọ di aláìsàn lágbàáyé láàárín ọdún kan, tí nǹkan bíi 420,000 sì ń kú. Nínú àwọn tó ń kú yìí, nǹkan bíi 125,000 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sọ pé ìyà náà ti pọ̀ jù tí wọ́n bá fi wé iye èèyàn tó ń gbé níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ti adìyẹ o, àmọ́ Salmonella àti Campylobacter wà lára àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru jù lọ láyé.

Ìdí kan wà tí ariwo rẹ̀ kò fi pọ̀ nílẹ̀ yìí. Tí inú bá ti ń ṣe èèyàn wọ̀ọ̀ tí ibà sì dé sí i, táífọ́ọ̀dù ni gbogbo ilé máa ń pè é. Kòkòrò tó ń fa táífọ́ọ̀dù, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, mọ̀lẹ́bí Salmonella inú adìyẹ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ara èèyàn nìkan ni ti táífọ́ọ̀dù máa ń gbé. Nítorí náà, ẹni tó jẹ adìyẹ tó ní kòkòrò, tó wá sáré lọ ra oògùn táífọ́ọ̀dù lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àìsàn tí kò ṣe é ló ń wò. Nígbà tó bá yá, ara rẹ̀ yóò yá, kò sì ní sí ẹni tí yóò rántí béèrè ibi tó ti ra adìyẹ. Ẹni tó tà á fún un kò ní gbọ́ rárá. Lọ́jọ́ kejì, yóò pàtẹ ọjà rẹ̀ bó ṣe máa ń pàtẹ ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti okòwò nìyí. Ẹ wo ọlọ́sìn tó ń náwó lórí ìmọ́tótó, tó ra bàtà ọ̀tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ ilé adìyẹ kọ̀ọ̀kan, tó ń fún àwọn adìyẹ rẹ̀ ní omi tó mọ́, tó ń pe dókítà ẹran wá wò wọ́n, tó sì ń sanwó àyẹ̀wò. Tó bá kó adìyẹ rẹ̀ dé ọjà, iye kan náà ni yóò tà á pẹ̀lú ẹni tí kò ná kọ́bọ̀ sórí ìmọ́tótó, nítorí oníbàárà kò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan, tó ṣe é lọ́dún kejì, yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé nítorí ta ni òun ṣe ń dá ara òun lágara. Ọjà tí adìyẹ mímọ́ àti adìyẹ onídọ̀tí ti ń gba owó kan náà, ẹni tó ń ṣe dáadáa ni ọjà náà ń fìyà jẹ.

Ìlú Ọba ti rí irú ìṣòro yìí, ohun tí wọ́n sì ṣe sí i yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Láti oṣù kejì ọdún 2014 títí di oṣù kejì ọdún 2015, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ níbẹ̀, Food Standards Agency, rán àwọn èèyàn lọ sí àwọn ilé ìtajà ńláńlá àtàwọn ìsọ̀ kéékèèké láti lọ ra adìyẹ bí oníbàárà ṣe ń rà á. Adìyẹ tó lé ní 4,000 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú 100, 73 ló ní Campylobacter, 19 nínú 100 sì ló ní i dé ìwọ̀n tó ga jù lọ, ìyẹn èyí tó ju 1,000 kòkòrò lọ lórí gíráàmù ẹran kan. Kódà, wọ́n rí kòkòrò náà lára ìta ọ̀rá tí wọ́n fi di 7 nínú 100, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó kàn gbé e sínú agbọ̀n lásán lè fi ọwọ́ kó o. Àjọ náà ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 280,000 èèyàn ni Campylobacter ń dá dùbúlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún, àti pé nǹkan bíi 900 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni ó ń ná orílẹ̀-èdè náà.

Orílẹ̀-èdè tó ní iná ní gbogbo ìgbà, tó ní ẹ̀rọ amómitutù nínú gbogbo ìsọ̀, tí àwọn olùyẹ̀wò wà ní ilé tí wọ́n ti ń pa adìyẹ, lọ̀rọ̀ rí báyìí fún. Ẹni tó bá rò pé òtòṣì nìkan ló ń jẹ adìyẹ tó ní kòkòrò, kó tún un rò.

Àmọ́ ohun tí àjọ náà fi èsì àyẹ̀wò ṣe gan-an ni ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ. Wọ́n sọ iye adìyẹ tó ní kòkòrò nínú èyí tí wọ́n rà ní Tesco, iye ti Asda, iye ti Sainsbury's, iye ti Marks & Spencer, àti ti àwọn mìíràn. Ìwé ìròyìn gbé e, tẹlifíṣọ̀n gbé e. Kò sí oníṣòwò tí inú rẹ̀ máa dùn pé kí wọ́n ka orúkọ rẹ̀ mọ́ irú èyí. Láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn ohun tí wọ́n ti ń sọ fún ọdún pípẹ́ pé ó ṣòro bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeé ṣe. Awọ ọrùn adìyẹ, tó jẹ́ ibi tí kòkòrò máa ń pọ̀ sí jù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrò kó tó dé ọjà. Wọ́n pààrọ̀ ọ̀rá tó ń jò. Wọ́n ṣe ọ̀rá tí èèyàn lè gbé odindi adìyẹ sínú ààrò pẹ̀lú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Àwọn kan fi kún owó ọlọ́sìn tí wọn kò bá rí kòkòrò lára adìyẹ rẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́sìn ti máa ń kọ́kọ́ kó díẹ̀ lára adìyẹ tà kí ìyókù tó dàgbà sí i, bẹ́ẹ̀ bàtà àti àgò àwọn tó wá kó ti àkọ́kọ́ ló máa ń gbé kòkòrò wọlé fún àwọn tó kù. Àwọn ilé ìtajà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́kun èyí pẹ̀lú.

Kí ló wá jáde níbẹ̀? Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2016, adìyẹ tó ní kòkòrò náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi ìdajì, àwọn tó ní i dé ìwọ̀n tó ga jù sì ti wálẹ̀ sí 9 àti díẹ̀ nínú 100. Àjọ náà fojú bù ú pé nǹkan bíi 100,000 èèyàn ni kò ṣàìsàn mọ́ lọ́dún 2016 tí wọn ìbá ti ṣàìsàn. Lọ́dún 2017, wọ́n fi ìkéde náà lé àwọn ilé ìtajà ńláńlá mẹ́sàn-án lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa gbé èsì tiwọn jáde fúnra wọn. Ogun náà kò tíì parí, Campylobacter ṣì wà lára ohun tó ń dà wọ́n láàmú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ti dé, àtìgbà tí orúkọ ti wà lára adìyẹ ni ìyàtọ̀ náà sì ti dé.

Ẹyin ti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣáájú. Nínú oṣù kejìlá ọdún 1988, Edwina Currie, tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ètò ìlera nígbà náà, sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyin tí wọ́n ń pèsè nílẹ̀ náà ló ní Salmonella. Ọjà ẹyin dẹnu kọlẹ̀, àwọn ọlọ́sìn fárí gá, mínísítà náà sì fipò sílẹ̀ kí oṣù tó parí. Ìbẹ̀rù mú gbogbo ọlọ́sìn lápapọ̀, ẹni tí adìyẹ rẹ̀ mọ́ àti ẹni tí tirẹ̀ kò mọ́. Ohun tó gbé wọn dìde ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún adìyẹ, àti òǹtẹ̀ kìnnìún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sára èèpo ẹyin lọ́dún 1998. Òǹtẹ̀ náà ń sọ oko tí ẹyin ti wá àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Lọ́dún 2017, àjọ oúnjẹ yìí kan náà wá kéde pé aboyún àti ọmọ kékeré lè jẹ ẹyin tó ní òǹtẹ̀ náà bí kò tilẹ̀ jinná dénú.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn tó ń jà fún ìlera aráàlú gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ níbẹ̀ pé kí wọ́n máa kọ ìkìlọ̀ nípa Salmonella sára ẹran tútù. Lọ́dún 1974, ilé ẹjọ́ kò gbà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn ìyàwó ilé ní Amẹ́ríkà kì í ṣe òpè, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹran. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń se oúnjẹ ni òfin gbé ẹrù náà lé lórí. Ẹ̀rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò jìnnà. Láàárín oṣù kẹta ọdún 2013 sí oṣù keje ọdún 2014, èèyàn 634 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n kó Salmonella, tí àwọn tó ń tọpinpin rẹ̀ sì tọ ipa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ adìyẹ ilé-iṣẹ́ Foster Farms ní California. Ìpínlẹ̀ 29 àti Puerto Rico ni wọ́n ti rí i, ó lé ní ìdá mẹ́ta àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa wọn tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn, díẹ̀ lára àwọn kòkòrò náà kò sì gbọ́ oògùn apakòkòrò mọ́. Ó ju ọdún kan lọ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pe díẹ̀ lára adìyẹ náà padà láti ọjà. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí wọ́n má gba adìyẹ tútù tí Salmonella ara rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n kan láyè lọ́jà, àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 wọ́n yọ àbá náà kúrò nílẹ̀.

Ọ̀nà méjèèjì nìyẹn. Ọ̀kan sọ fún ẹni tó ń tà pé orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Èkejì sọ fún ẹni tó ń sè pé kó mójú tó ara rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń ra adìyẹ ní Bódìjà tàbí ní Mushin béèrè pé èwo ni tòun nínú méjèèjì.

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ní Nàìjíríà, ẹni tó ń sè ló ru gbogbo ẹrù, adìyẹ tó sì pọ̀ jù lọ́jà kò lórúkọ rárá. Ẹ mú adìyẹ ààyè tí wọ́n ń pa lójú ẹni lọ́jà. Láti oríṣiríṣi oko ni aláròóbọ̀ ti kó wọn jọ sínú àgò kan náà, tí wọ́n ń yàgbẹ́ léra wọn lórí lójú ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa dé ìsọ̀, aláròóbọ̀ gan-an kò mọ èyí tó ti Ògùn wá àti èyí tó ti Ọ̀yọ́ wá mọ́. Ẹni tó ń pa á ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lórí iye tó bá pa, kò sí ẹni tó ń sanwó fún un láti pààrọ̀ omi. Lóòótọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ yìí tó ń pa adìyẹ tiwọn, tí wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́, tí wọ́n ń tà á ní àwọn ilé ìtajà ńlá. Wọ́n kàn jẹ́ díẹ̀ nínú ọjà tó gbòòrò ni.

Ti adìyẹ inú yìnyín tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de adìyẹ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, kí àwọn ọlọ́sìn ilẹ̀ yìí lè rọ́wọ́ mú. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé èbúté Kútọnu ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbà wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn onífàyàwọ́ yóò wá gbé e gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Ìjọba ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, síbẹ̀ òwò náà kò kú. Adìyẹ tó gba inú igbó wọlé lóru kò lè gba iwájú olùyẹ̀wò kọjá. Kò sí ẹ̀rọ amómitutù lórí ọ̀kadà. Yìnyín yóò yọ́ lójú ọ̀nà, wọ́n yóò tún un dì tó bá dé, iná yóò lọ, yóò tún yọ́. Yìnyín kì í pa Salmonella, ńṣe ló kàn ń mú un sùn. Gbàrà tí ooru bá ti kàn án, yóò jí, yóò sì máa pọ̀ sí i.

Ohun tí àwọn aráàlú máa ń bẹ̀rù jù nídìí adìyẹ fàyàwọ́ ni oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, tí wọ́n ní wọ́n ń fi sí i kó má bàa rà. Ìbẹ̀rù yẹn ti gba gbogbo ẹnu débi pé kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kòkòrò mọ́. Bẹ́ẹ̀ kòkòrò kò nílò kí ẹnikẹ́ni pète ibi. Àìsí iná àti àìsí omi ti tó o.

Ẹ̀bi àìlórúkọ yìí ti bá àwọn ọlọ́sìn náà rí. Nínú oṣù kejì ọdún 2006, wọ́n kéde pé àrùn lùkúlùkú tó ń pa adìyẹ káàkiri àgbáyé ti wọ oko kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò rí i ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Àwọn èèyàn sá fún adìyẹ àti ẹyin kárí ilẹ̀ yìí, títí kan èyí tó wà ní oko tí àrùn náà kò dé ìtòsí rẹ̀. Ọlọ́sìn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní ohun kan tó lè nà sókè pé èmi nìyí, adìyẹ tèmi yàtọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní Ìlú Ọba lọ́dún 1988 gẹ́lẹ́ nìyẹn. Tiwọn ló bí òǹtẹ̀, tibí kò bí nǹkan kan.

Àwọn tó ń ta adìyẹ yóò ní àwíjàre, àwíjàre náà kì í sì í ṣe ẹjọ́ ẹnu lásán. Wọ́n á ní àgbàdo wọ́n, sóyà wọ́n, dísù tí wọ́n ń rà sínú jẹnẹrétọ̀ wọ́n, pé bí wọ́n bá tún fi owó àyẹ̀wò àti owó òǹtẹ̀ lé e, adìyẹ yóò wọ́n débi tí mẹ̀kúnnù yóò fi sá lọ sọ́dọ̀ onífàyàwọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ owó náà ń jáde báyìí náà. Ó ń jáde lápò ìyá tó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, lára iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tí bàbá kò lọ, àti lára oògùn apakòkòrò tí wọ́n rà láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mẹ̀kúnnù tí wọ́n ní àwọn ń ṣàánú rẹ̀ ló ń san án. Wọn kò kàn kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni ni.

Kò sì pọn dandan kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ná owó ńlá. Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 gbé àbójútó ilé ìpẹran, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran lọ́jà àti ọjà fúnra rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn aládìyẹ lójoojúmọ́ tó láti gbẹ́ kànga, kí wọ́n fa omi ẹ̀rọ dé ibi tí wọ́n ti ń pa á, kí wọ́n sì ya tábìlì tí wọ́n ti ń fa ìfun sọ́tọ̀ sí èyí tí wọ́n ti ń gé ẹran. Àwọn wolé-wolé tí aráàlú mọ̀ mọ́ ìkòkò omi àti ṣáláńgá láyé àtijọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wà báyìí. Ẹgbẹ́ àwọn aládìyẹ àti ìyálọ́jà lè ṣètò pé kí àgò kọ̀ọ̀kan ní páálí kékeré tí wọ́n kọ orúkọ oko àti ọjọ́ tí wọ́n kó o sí, kí wọ́n má sì da adìyẹ oko méjì pọ̀. Páálí àti báírò ni ìyẹn ń béèrè.

Ní ti àyẹ̀wò, kò di ìgbà tí wọ́n bá yẹ gbogbo adìyẹ wò. Ìlú Ọba kò yẹ gbogbo tiwọn wò, 4,000 péré ni wọ́n rà láàárín ọdún kan. Ìpínlẹ̀ kan tó ní yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹran lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ lóṣù, kí wọ́n sì máa lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà kọ̀ọ̀kan: ọjà báyìí, adìyẹ mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò, mélòó ló ní kòkòrò. Àwọn ilé oúnjẹ ńlá tó ń ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún adìyẹ lọ́sẹ̀ kan náà lágbára ju ìjọba lọ níbi yìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ pé àwọn kò ní ra adìyẹ tí kò ní orúkọ oko àti èsì àyẹ̀wò mọ́, àwọn ọlọ́sìn yóò wá a rí. Wọ́n yóò sì máa rí èrè ìmọ́tótó wọn, nítorí owó yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ náà gbọ́dọ̀ sòótọ́ fún ara rẹ̀ nípa òfin ọdún 2003. Bí wọ́n bá fẹ́ kí adìyẹ òkèèrè má wọlé, kí wọ́n rí i pé kò wọlé lóòótọ́. Òfin tó wà nínú ìwé nígbà tí ọjà kún fún ohun tó fòfin dè kò dáàbò bo ọlọ́sìn, kò sì dáàbò bo ẹni tó ń jẹun, nítorí àjọ NAFDAC kò lè fún ohun tí kò yẹ kó wà nílẹ̀ yìí ní nọ́ńbà.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ilé ìdáná ló ṣì máa jẹ́ odi ìkẹyìn. Nínú oṣù kẹfà ọdún 2014, àjọ oúnjẹ Ìlú Ọba kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fọ adìyẹ tútù mọ́, nítorí omi ẹ̀rọ tó ń dà lé e lórí máa ń ta kòkòrò sí abọ́, sí ewébẹ̀ àti sí aṣọ. Ìdílé Yorùbá tó wà ní London, tó ti mọ adìyẹ mọ́ iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́, kò ní fẹ́ gbọ́ èyí sétí. Adìyẹ ọjà níbí yàtọ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ ṣì lè wà lára rẹ̀, dandan ni kí wọ́n fi omi kàn án. Ẹ fi í sínú abọ́, ẹ fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ da omi náà nù jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, abọ́ àti ibi tí ẹ ti fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ tí ẹ fi gé e gé tòmátì tí ẹ fẹ́ jẹ ní tútù. Ẹ má gbé adìyẹ inú yìnyín sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kó máa yọ́ lórí tábìlì. Ẹ sè é títí pupa kò fi ní sí nídìí egungun rẹ̀ mọ́, nítorí tí ooru inú ẹran bá ti dé 74 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì, àwọn kòkòrò náà ti kú nìyẹn. Ọbẹ̀ Yorùbá tó hó dáadáa ti kọjá ibẹ̀. Èyí tí wọ́n yan lójú títì tí inú rẹ̀ ṣì tutù ló yẹ kí èèyàn fura sí.

Àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tan ara rẹ̀ jẹ. Ìyá tó se ọbẹ̀ rẹ̀ jinná ti ṣe ipa tirẹ̀, kò sì lè rí ohun tó wà nínú omi tí wọ́n ri adìyẹ bọ̀ lọ́jà kí òun tó débẹ̀. Ẹni tó ń pa á rí i, ẹni tó ń tà á rí i, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó ìsọ̀ náà rí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pa owó lórí adìyẹ yìí kó tó dé inú ìkòkò. Kí orúkọ wọn wà lára rẹ̀.